Owó Orí Sàídì àti Ìwé Ẹṣin

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn,
Ọjọ́rú.

Olúyẹmí Àjàní, ọmọ mi,

Láràárọ̀, kí àwọn ará ilé tó jí kírun, mo máa ń kó eérú láti inú ààrò. Mo máa ń fi asẹ́ kù ú kí èédú má bàa wà nínú rẹ̀, màá dà á sórí àtẹ tí bàbá rẹ fi ń pàtẹ obì nígbà ayé rẹ̀, màá sì fi ẹ̀yìn ìgbákọ tẹ́ ẹ títí yóò fi dán bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà màá fọ ọwọ́, màá gbé agolo tí mo kó lẹ́tà rẹ sí wálẹ̀ láti orí àjà, màá mú ẹyọ kan jáde. Ẹyọ kan ni lójúmọ́, kí wọ́n má bàa tètè gbó. Màá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan máa kọ ohun tí o kọ sínú eérú, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo mọ ọwọ́ rẹ báyìí ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ lọ, nítorí ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti rí ojú rẹ kẹ́yìn. Ìrù y rẹ máa ń ká padà bí ìrù alágẹmọ. Tí o bá kọ nọ́ńbà méje, o máa ń fa igi gba ikùn rẹ̀ kọjá. Ìyá Hilda, ìyàwó tíṣà tó ń kọ́ àwa obìnrin ní ìwé, ní ìwé ò kọ́ni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Tí wọ́n bá ti pe ìrun, màá da eérú náà nù, nítorí ojú ń tì mí kí wọ́n rí àgbàlagbà tó ń fi eérú ṣeré.

Nínú eérú ni mo ti kọ́kọ́ kí ọ lónìí kí n tó wá kí ọ nínú ìwé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé omi Èkó ò bá ara rẹ jà? Ọlọ́run tó jẹ́ kí o jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin lọ, òun náà ni yóò jẹ́ kí o jókòó sínú rẹ̀ bọ̀. O kò ní ṣubú níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ. Mo máa ń fi kún un pé iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Máa ka lẹ́tà yìí lọ, wàá rí ìdí tí n kò fi ṣe àmín sí ìyẹn lónìí.

Ìròyìn ilé ni pé ewúrẹ́ bí méjì, òrùlé yàrá mi ń jò, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí n kì í sùn sí ló ń jò sí, ọpẹ́ ni. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Oko ní agbo ilé yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nítorí ogójì ọdún tí mo lò lóko lọ́dọ̀ bàbá rẹ ti sọ mí di àlejò lójú wọn. Wọn kò hùwà burúkú sí mi. Ó kàn jẹ́ pé Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, tí mo bá sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, èmi nìkan ni mo ń jáde, ajá ilé á gbó mi títí màá fi kọjá, á tún gbó mi nígbà tí mo bá ń bọ̀. Ní kíláàsì Ìyá Hilda, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Mo máa ń mọ ìdáhùn, n kì í kàn lè nawọ́.

Àbúrò mi Sàídì nìkan ló ń pè mí ní Ìyá Olúyẹmí. Òun ló kó òwú rẹ̀ kúrò nínú yàrá kan fún mi nígbà tí mo dé láìní ju àpótí kan lọ. Tó bá ń hunṣọ, mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ògiri, mo máa ń gbọ́ ìró òfì rẹ̀, n kì í sì í rò pé mo dá wà. Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí òfì náà ti dákẹ́. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Nígbà tí àsìkò owó orí tó, ara mógàjí wa, Bàbá Yẹ̀kínì, kò yá. Òun ló máa ń gba owó gbogbo agbo ilé tí á sì kó o lọ fún ìjọba. Lọ́dún yìí ó ní ẹsẹ̀ òun wú, kí kálukú gbé tirẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, kí ó sì gba ìwé rẹ̀ bọ̀. Ṣílè mẹ́fà ni ti Sàídì. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí òfì tó gbọ́dọ̀ parí kí oṣù tó tán, kò sì ráyè tò sórí ìlà. Ó kó owó náà lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ilé, ó ní èmi ni kí n bá òun san án, pé ẹni tó mọ̀wé ni wọn kò lè fi ìwé rẹ́ jẹ. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ní kí ó rán ọkùnrin. Sàídì bi í pé ọkùnrin wo ló mọ̀wé nínú wọn. Àjàní, ara mi yá. Láti ìgbà tí mo ti dé, ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi ní iṣẹ́ tó ju kí n bá wọn ṣa òwú lọ. Márùn-ún nínú ṣílè mẹ́fà yẹn ni èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà Ọdún Àjíǹde, tí mo fún Sàídì dípò owó yàrá tí ó kọ̀ láti gbà lọ́wọ́ mi.

Tábìlì méjì ni mo bá ní Bẹẹrẹ. Ìlà tó wà níwájú èkíní gùn dé ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, ojú àwọn tó tò síbẹ̀ le, akọ̀wé tó jókòó ń pariwo mọ́ àgbàlagbà bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ tí ènìyàn lè kà. Èkejì wà lábẹ́ igi ọdán. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí i, wọ́n sì gbé pátákó kan tì í, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà sára rẹ̀. Mo dúró, mo kà á díẹ̀díẹ̀ bí Ìyá Hilda ṣe kọ́ wa, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta: ÌJỌBA FI ÀṢẸ SÍ I. Mo ní ọ̀rọ̀ tán. Ibi tí ìjọba bá fi àṣẹ sí ni à ń san owó ìjọba sí. Àánú àwọn tó lọ tò sídìí tábìlì tí kò ní àkọlé ṣe mí, mo ní àìmọ̀wé ni.

Adégòkè ni ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì yẹn ń jẹ́. Kóòtù ló wọ̀. Ó kí mi, ó bu omi tútù fún mi, ó béèrè pé mélòó ni màá gbà. Mo ní mẹ́fà ni wọ́n ní kí n san. Ó ní ìyá yìí láyà. Ó ka ìwé pupa rúsúrúsú mẹ́fà fún mi, nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan sì ti fi tádàwá kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ wọn ní kọ́lọkọ̀lọ tí n kò lè kà. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n fi ọwọ́ ire mú un. Mo rò ó lọ́nà pé n kò rí agbowó orí tó ń ṣàdúrà fún ènìyàn rí, mo ní bóyá ọba tuntun ló jẹ ní Ìlú Òyìnbó. Ó tún ní tí àwọn ẹṣin bá ti sáré tán ní Èkó lóṣù tó ń bọ̀, a óò gbọ́. Ìyẹn náà yé mi. Òyìnbó tó wá ka ilé wa lọ́jọ́sí, ẹṣin ló gùn wá. Mo ní ẹṣin wọn ni yóò gbé owó náà lọ jíṣẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo ka àwọn nọ́ńbà náà sókè fún gbogbo ilé. Bàbá Yẹ̀kínì ní láti ọdún mẹ́jọ tí òun ti ń san owó orí agbo ilé yìí, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ọkùnrin kan. Mo dá a lóhùn pé àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń fún ní ẹyọ kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, lójú àwọn ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà ni àwọn akódà ìjọba dé, wọ́n ń yẹ ìwé wò láti ilé dé ilé. Sàídì kò tilẹ̀ dìde nídìí òfì, ó ní kí Ìyá Olúyẹmí kó o jáde. Mo kó o jáde nínú àwo. Èyí àgbà nínú wọn wò ó, ó pe èkejì, èkejì pe ẹ̀kẹta, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé ẹṣin ni, ìwé tẹ́tẹ́. Wọ́n ní láti Ọ̀rányàn dé Òkè Bọ́lá, àwọn ti rí ẹni tó sá lọ sóko, àwọn ti rí ẹni tó sá wọ inú àká, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì rí ẹni tó fi owó orí ta tẹ́tẹ́ tí ó tún gbé e jáde nínú àwo bí ẹran iléyá. Sàídì wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ni òun rà á. Wọ́n mú un lọ.

Wọ́n dá a lẹ́jọ́ pé kí ó san ṣílè mẹ́fà náà, kí ó fi mẹ́ta lé e, tàbí kí ó máa ru òkúta fún ọ̀nà tí wọ́n ń là lábẹ́ òkè Màpó títí oṣù méjì yóò fi pé. Kò sí ṣílè mẹ́sàn-án nílé. Olówó aṣọ ìyàwó ti wá gba òwú rẹ̀ lọ, ó ní òun kò lè fi aṣọ ìyàwó sọ́wọ́ ọ̀tatẹ́tẹ́. Ní mọ́sálásí, Sàídì ló ti ń pe ìrun láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohùn ẹni náà ni mo fi ń mọ ìgbà tí màá da eérú mi nù báyìí, kò sì dùn tó ti Sàídì.

Mo lọ bá Adégòkè pé kí ó gba ìwé rẹ̀, kí ó dá owó wa padà. Kò bínú. Ó tún bu omi fún mi. Ó bi mí pé ṣé òun sọ fún mi pé owó orí ni. Mo ní rárá. Ó ní ṣé mo béèrè. Mo ní rárá. Ó ní owó tó bá ti wọ àpótí òun ti pín nìyẹn, pé àwọn ọ̀gá òun ní Èkó ní tiwọn, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá mókè ní tirẹ̀, òun ní kọ́bọ̀ kan, ìjọba sì ní tọ́rọ́ nínú ṣílè kọ̀ọ̀kan. Ó ní nítorí tọ́rọ́ yẹn ni wọ́n ṣe fún òun ní láísẹ́ǹsì. Ó nà án sí mi, mo kà á, òótọ́ ló sọ.

Níbẹ̀ ni mo ti rò pé mo rí ọ̀nà. Mo ṣírò rẹ̀ nínú eérú. Bí tọ́rọ́ bá dé ọwọ́ ìjọba nínú ṣílè kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé ìdámẹ́rin owó orí Sàídì ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀yìnkùlé ló kàn gbà wọlé. Mo lọ tò sídìí tábìlì akọ̀wé owó orí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo là á yé e jẹ́jẹ́, mo ní n kò ní kí wọ́n dá nǹkan kan padà, kí wọ́n ṣáà yọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú ọgọ́ta, tàbí kí Sàídì máa fi òkúta kan sílẹ̀ nínú mẹ́rin-mẹ́rin. Akọ̀wé náà gbé gègé sílẹ̀. Ó ní àpótí tẹ́tẹ́ yàtọ̀, àpótí owó orí yàtọ̀. Mo bi í pé ṣé ìjọba méjì ló ni wọ́n ni. Ó ní ìjọba kan náà ni. Mo ní ta ló yẹ kó wá sọ fún ọwọ́ ọ̀tún wọn ohun tí ọwọ́ òsì ti gbà. Ó ní kí n kúrò lórí ìlà. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní kí wọ́n wá àga fún ìyá, kí ó máa dájọ́. N kò ṣe ẹ̀fẹ̀, Àjàní. N kò tíì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí di òní.

Tíṣà Japheth, ọkọ Ìyá Hilda, ní tẹ́tẹ́ burú lójú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìlú ń jèrè rẹ̀, pé owó tó ń wọlé níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. N kò lè bá tíṣà jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ń bá Ràbíátù gbé ẹrù lọ sí ìsọ̀ òwú rẹ̀ ní Ọjà'ba, mo ń jókòó, mo ń wò. Ahunṣọ tó máa ń ra ìdì òwú mẹ́wàá ń ra mẹ́rin. Àwọn aláró ti da ìkòkò méjì dojú dé nínú márùn-ún. Ọkùnrin kan ní Ọ̀rányàn tó ń gba nǹkan ìdógò kí ó tó yáni lówó, aṣọ òfì ti kún yàrá rẹ̀ débi pé ìta ni òun fúnra rẹ̀ ń sùn. Obìnrin tó ń ta obì fún àwọn tó tò níwájú Adégòkè nìkan ni mo rí tó kọ́ ìsọ̀ tuntun. Ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n ń fi owó náà là, Sàídì ló ń ru òkúta rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò wá mọ ohun tí owó náà ń ṣe níbẹ̀.

Tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, Ọlábọ̀wálé ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Káfíńtà ni, ó jẹ pọ́n-ùn mẹ́wàá níbi ìwé ẹṣin lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé e sọ́rùn yí Bẹẹrẹ ká. Àwọn agbowó orí náà wà nínú àwọn tó wá kí i. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olówó báyìí, yóò máa san owó orí olówó lọ́dọọdún. Ó ra páànù, kò tó ilé, ó fi èyí tó kù ra ìwé sí i kí ó lè parí rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní páànù lápá kan, koríko lápá kejì. Ẹ̀gbẹ́ tó ní páànù ni àwọn ènìyàn máa ń dúró sí láti wò ó.

Ràbíátù kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀. Ó kàn sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé ìwé ló ṣe é, pé aláìmọ̀wé ìbá ti tẹ̀lé èrò. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ìròyìn dé pé ẹṣin ti sáré ní Èkó, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rò pé ó fẹ́ ṣépè. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé nọ́ńbà wa jẹ. Mo ní kò jẹ. Ó ní kò burú, ó padà lọ.

Ohun tó kù ló ń nira fún mi láti kọ. Àwọn akódà da ìwé mẹ́fà náà sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì kó wọn sínú agolo pẹ̀lú lẹ́tà rẹ, nítorí n kò mọ ibòmíràn tí à ń kó ìwé sí. Níjẹta, mo tẹ́ eérú, mo nawọ́ sínú agolo nínú òkùnkùn díẹ̀ tó kù, mo mú ẹyọ kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo kọ nọ́ńbà, mo dé orí méje, mo fa igi gba ikùn rẹ̀ kọjá. Mo kọ orúkọ tó wà nísàlẹ̀, mo ká ìrù y padà bí ìrù alágẹmọ. Ọwọ́ mi ń lọ geere bó ṣe máa ń lọ láràárọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ni mo rí i pé ìwé tí mo mú kì í ṣe lẹ́tà rẹ. Pupa rúsúrúsú ni.

O kọ̀wé sí mi lọ́dún tó kọjá pé iṣẹ́ rẹ rọrùn, pé nọ́ńbà ni o ń kọ sára ìwé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, pé ọwọ́ rẹ tó dára ni wọ́n ṣe yàn ọ́. Mo ka ibẹ̀ fún gbogbo ilé. Mo rò pé nọ́ńbà ilé ni, tàbí ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí. Mo sọ fún ara mi níjẹta pé bóyá gbogbo akọ̀wé Èkó ló ń fa igi gba ikùn méje. Mo bi Ìyá Hilda. Ó ní òun kò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é.

Ọ̀nà tí ṣílè márùn-ún yẹn rìn ti wá yé mi. Ìwọ gbà á ní Èkó, o fi ránṣẹ́ sí mi, mo fún Sàídì, Sàídì kó o fún mi padà, mo kó o fún Adégòkè, Adégòkè kó o lọ sí Èkó, wọ́n sì tún fi san owó iṣẹ́ rẹ. Ìjọba dúró lójú ọ̀nà, ó ń bu tọ́rọ́. Owó náà mọ ọ̀nà ilé jù ọ́ lọ, Olúyẹmí. Òun lọ, ó sì bọ̀.

N kò bú ọ. Mo mọ̀ pé nígbà tí o ń kọ ọ́, o kò mọ̀ pé ìyá rẹ ni yóò rà á. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹnì kan ni yóò rà á.

Fi ṣílè mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Ìbàdí Sàídì kò dára tẹ́lẹ̀, ahunṣọ tí kò bá sì lè jókòó mọ́ kò ní iṣẹ́ mìíràn. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé kí o má fi owó ilé iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ nínú eérú láàárọ̀ yìí, mo pa á rẹ́. Òkúta kì í béèrè ibi tí owó ti wá. Fi èyí tí o bá ní ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wá iṣẹ́ mìíràn, bó jẹ́ nọ́ńbà àpò kòkó ni o óò máa kọ ní èbúté, nítorí kòkó wà nínú àpò lóòótọ́.

Ọwọ́ rẹ kò ní kọ ohun tí yóò pa ọ́ lẹ́kún. Èrè iṣẹ́ rẹ ni wàá jẹ, ẹlòmíràn kò ní ru ẹrù rẹ̀. Wàá bí ọmọ tí yóò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, ibi ayọ̀ ni yóò sì ti rí i. Àmín sí ìyẹn.

Lọ́la n kò ní tẹ́ eérú. Mo ti ká aṣọ àtijọ́ kan ṣe òṣùká. Kí oòrùn tó yọ, màá ti dé abẹ́ òkè Màpó, màá tò sẹ́yìn Sàídì, màá bá a ru. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní kò sí òfin tó ní kí n má ru, pé kì í ṣáà ṣe pé tèmi yóò dín tirẹ̀ kù. Tí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn tó ń ru òkúta mu omi, màá sọ fún un ẹni tó kọ ìwé náà. Ó ti sọ lójú gbogbo ilé pé òun ni òun rà á. Ó yẹ kí ó mọ ẹni méjì tí òun ń rù, èmi àti ìwọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel Àtọ́kẹ́ Olúsànyà.